Òṣìṣẹ́ ni Agbábọ́ọ̀lù Pẹ̀lú

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá ìpàdé ẹ̀ka wa sọ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì

   

Nígbà tí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a ó sọ lónìí, àwọn kan kùn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó oṣù wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ àjẹsílẹ̀ wà nílẹ̀, ti àwọn tó fẹ̀yìntì tí wọn kò tíì rí owó wọn gbà wà nílẹ̀, kí ló wá kan bọ́ọ̀lù? A gbọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán ná. Bí ẹ bá gbọ́ ọ dé òpin tí ẹ sì rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù ni a sọ, ẹ ní kí a san owó ìtanràn, a ó san án.

Ọdún bọ́ọ̀lù tí a fẹ́ mú sọ ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 tó sì parí ní 2025, ní ìpele tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní NPFL. Ẹ ó rántí àkókò náà. Ìparí oṣù keje 2024 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000. Bí àwa ṣe ń lọ tí à ń bọ̀ kí owó náà lè dé ọwọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni kíláàbù 20 ń múra láti bẹ̀rẹ̀ líìgì tuntun. Eré 38 ni kíláàbù kọ̀ọ̀kan gbá, 19 nílé, 19 lẹ́yìn odi.

Ẹ má fi ojú kékeré wo 19 ti ẹ̀yìn odi yẹn. Nínú kíláàbù 20 náà, a rí ti Kánò, a rí ti Kàtíná, a rí ti Máídúgùrì, a rí ti Uyo, a rí ti Yenagoa. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Ìkọ̀lé lọ sí Kánò rí mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń ro ni nígbà tí a bá sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á sùn, wọ́n á sì sáré fún ìṣẹ́jú 90 níwájú èrò tó ń bú ìyá àti bàbá wọn, wọ́n á tún padà sínú mọ́tò. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣe é. Èyí tí à ń pè ní eré, iṣẹ́ ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orúkọ aṣọ́lé Arsenal ju ti kíláàbù kankan nílé lọ. Ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkọ̀lé níbí, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ilé tí a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì kún bí ọjà alẹ́. A kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àwa náà ń lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ilé-ìwé ní ìrọ̀lẹ́ kò ní kọ́kọ́ dé Arsenal. Bí ó bá rìn jìnnà, NPFL yìí ni yóò kọ́kọ́ dé, tàbí ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lùwé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ líìgì ilé fi kàn wá.

Ní ìparí oṣù kẹrin 2025, nígbà tó ku eré mẹ́ta kí líìgì parí, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ na Niger Tornadoes ní 1-0 lórí pápá ara wọn, ife sì di tiwọn. Wọn kò gbà á rí. Shooting Stars ti Ìbàdàn gbà á kẹ́yìn ní 1998, Julius Berger ti Èkó gbà á ní 2000, láti ìgbà náà ife kò tún yà sí ìwọ̀-oòrùn gúúsù fún ọdún 25. Ẹ ò rí i pé ó tó kí ènìyàn jó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ijó ni a bá wá. Ọdún méjì tó ṣáájú ni a fẹ́ kí ẹ wò. Ní 2023, Enyimba ti Aba ló gba ife, Remo Stars ṣe ipò kejì. Ní 2024, Rangers ti Enúgu ló gbà á, Remo Stars tún ṣe ipò kejì. Daniel Ogunmodede ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nínú méjèèjì. Ẹ mọ bí wọ́n ti máa ń ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí: bí ènìyàn bá ṣe ipò kejì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní orí rẹ̀ kò dára, wọ́n á ní kí ó máa lọ. Wọn kò lé e. Òun náà ló wà níbẹ̀ ní 2025 nígbà tí ife dé.

Àwọn àgbà tó jókòó síwájú yìí mọ ibi tí a ń lọ. Ẹ̀yin lẹ ròyìn 1984 fún wa, nítorí àwa kéré nígbà náà, àwọn mìíràn nínú wa kò tíì délé ayé. Shooting Stars gba líìgì 1983, èyí ló gbé wọn lọ sí ìdíje ife àwọn aṣíwájú Áfíríkà ní 1984. Ọmọ tó ń jẹ́ Rashidi Yekini wà nínú wọn. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé àṣekágbá. Zamalek ti Íjíbítì nà wọ́n ní 2-0 ní Káírò, ó tún nà wọ́n ní 1-0 ní Èkó. Ipò kejì nínú gbogbo Áfíríkà nìyẹn! Kí ni ìjọba tó ni kíláàbù ṣe? Gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, Oladayo Popoola, tú kíláàbù náà ká.

Ẹ jẹ́ ká fi èdè ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wò ó. Níbi iṣẹ́ tiwa, bí ọ̀gá bá fẹ́ dá ẹnì kan dúró, yóò kọ kúẹ́rì. Ẹni náà yóò dáhùn. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó, aṣojú òṣìṣẹ́ yóò jókòó tì í. Ọ̀gá yóò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òṣìṣẹ́ náà ṣẹ̀. Ẹ wá sọ fún wa, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni kí ènìyàn ṣe ipò kejì? Bí wọ́n bá ń lé wa nítorí pé ilé ìwòsàn mìíràn gba àmì ẹ̀yẹ jù tiwa lọ, ta ni ìbá kù nínú gbọ̀ngàn yìí? Kíláàbù náà padà dìde, ó tilẹ̀ gba ife CAF ní 1992, ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ife náà kalẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí wọ́n tú ká kì í jẹ àjíǹde kíláàbù. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò ti wá oúnjẹ. Àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwa la máa ń kọ́kọ́ pariwo pé kí wọ́n lé wọn.

A padà sí 2025. Ní ọjọ́ tí Ìkẹ́nnẹ́ ń jó, Àkúrẹ́ ń ka póìǹtì bí aláìsàn ti ń ka oògùn. Nígbà tí líìgì parí, kíláàbù mẹ́rin ló bọ́ sílẹ̀: Lobi Stars, Heartland, Akwa United àti Sunshine Stars. Ẹ má bi wá ìdí tí Sunshine fi dùn wá. Títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ọmọ Oǹdó ni gbogbo wa, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì tíì bọ́ ìfẹ́ Àkúrẹ́ sílẹ̀. Èkìtì kò ní kíláàbù ọkùnrin ní ìpele yẹn; àwọn ọmọbìnrin wa nìkan, Ekiti Queens, ló ti ń bá wa gbé orúkọ dé ìpele tó ga jù ní ti obìnrin. Nítorí náà, ará Ìkọ̀lé tó bá fẹ́ wo eré ńlá, Àkúrẹ́ ló ń lọ. Ará Ìdó a máa gba Ọ̀tùn kọjá sí Ìlọrin lọ wo Kwara United. Sunshine yìí kan náà ló dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ní ife àwọn aṣíwájú Áfíríkà ní 2012. Òun àti Al Ahly ta 3-3, kí Al Ahly tó nà án ní 1-0 ní Íjíbítì. Ọdún 13 péré ló wà láàárín Al Ahly àti ìpele kejì.

Kíláàbù mẹ́rin tó bọ́ yìí, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A kò sọ pé ti ìjọba kì í dára. Rivers United tó ṣe ipò kejì ní ọdún náà, ti ìjọba ni. Ṣùgbọ́n àwa tó ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba mọ bí ó ti rí. Kọmíṣọ́nnà á yí padà, fáìlì á sùn sórí tábìlì, ìwé owó á dé ilé ìfowópamọ́ á tún padà. Àwa a máa rí nǹkan gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, ìyàwó a máa ta nǹkan. Agbábọ́ọ̀lù tó wà lójú ọ̀nà Kánò kò ní oko. Ìwé ìròyìn ti gbé e léraléra láti ọdún pípẹ́ pé agbábọ́ọ̀lù líìgì wa gbé pákó sókè ní ẹnu ọ̀nà gómìnà nítorí owó oṣù tí wọ́n jẹ wọ́n. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni máa jẹ ẹ́ wà níbòòji.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ròyìn wa pé a wá yin olówó. Kunle Soname tó ni Remo Stars, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Bet9ja sílẹ̀ ni. Ẹ mọ ibi tí owó tẹ́tẹ́ ti ń jáde. Ẹ lọ wo ìsọ̀ tẹ́tẹ́ ní ìdí gáráàjì lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó rí ọmọ wa níbẹ̀, ẹ ó sì rí àwọn kan nínú wa. A kò sì sọ pé Remo Stars di òkè tí a kò lè gùn. Ní oṣù kẹwàá 2025, Mamelodi Sundowns ti Gúúsù Áfíríkà lé wọn kúrò nínú ìdíje Áfíríkà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tí a rí lọ́dọ̀ wọn kò ju èyí lọ: wọ́n ní pápá tiwọn, wọn kò lé òṣìṣẹ́ wọn nítorí ipò kejì, wọ́n sì dúró ti iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wo ni kò lè ṣe ìyẹn?

Ní ayé àtijọ́, bọ́ọ̀lù Nàìjíríà àti iṣẹ́ oṣù jọ ń gbé inú ilé kan ni. Ẹ gbọ́ orúkọ àwọn kíláàbù: Rélùwéè, ECN tí a wá ń pè ní NEPA, Bendel Insurance, Leventis United tó gba líìgì ní 1986, New Nigeria Bank tó gbà á ní 1985. Shooting Stars fúnra rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ni ín, WNDC, ló kọ́kọ́ jẹ́, kí ó tó di IICC tó gba ife Áfíríkà ní 1976, tó fi di kíláàbù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó mú ife Áfíríkà wálé. Julius Berger tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ilé-iṣẹ́ tó ń la títì tó sì ń kọ́ afárá ló ni ín. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà, orúkọ wọn wà nínú ìwé owó oṣù ilé-iṣẹ́. Bí ó bá di òwúrọ̀, á lọ jókòó sí ọ́fíìsì, bí ó di ìrọ̀lẹ́, á wọ bàtà. Ọjọ́ tí orúnkún bá yẹ̀, tábìlì ṣì wà tí yóò padà sí.

Ní 1990 wọ́n sọ líìgì di ti àwọn tó fi bọ́ọ̀lù nìkan ṣiṣẹ́ jẹun. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n wo bí ó ti rí: wọ́n gba tábìlì lọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n ní ìwé àdéhùn ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò rí tábìlì mọ́, tí kò sì rí ìwé àdéhùn tó dúró.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀lù ti jẹ ìyà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sanwó wò yìí, títí di 1961, òfin wà pé kíláàbù kankan kò gbọdọ̀ san ju £20 lọ́sẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù, bó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n gbá tó. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, èyí tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1907, ló ní àwọn ó daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1961. Àwọn agbábọ́ọ̀lù dúró pọ̀, àwọn ọ̀gá sì fa òfin náà ya kí ìdaṣẹ́sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Owó gọbọi tí ẹ ń gbọ́ pé wọ́n ń san lọ́hùn-ún lónìí, ìpàdé bí irú èyí ló ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó gbé wa dìde.

Ọmọ ọ̀kan nínú wa wà tó ń gbá bọ́ọ̀lù. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ kíláàbù náà. Ọwọ́ òsì ló ti ń gbá a, ó yára, ẹni tó bá ti rí i lórí pápá mọ ẹni tí à ń sọ. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ǹtì wá bá bàbá rẹ̀, ó ní òun ti rí ibi tí ọmọ yóò wọ̀. Bàbá yá owó lọ́dọ̀ kọ́pẹ́, ó fún un. Ọmọ wọlé lóòótọ́. Oṣù mẹ́wàá ló lò níbẹ̀, oṣù mẹ́rin ni wọ́n san. Nínú eré kan lẹ́yìn odi, wọ́n gbá a ní orúnkún. Wọ́n fi òògùn àfọwọ́ra pa á, wọ́n fún un ní owó mọ́tò, wọ́n ní kí ó lọ sinmi nílé. Kò sẹ́ni tó tún pè é.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí a bèèrè ni ìwé àdéhùn. Ọmọ náà mú abala kan ṣoṣo wá, ó ti wó. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí iye owó oṣù wà, òfìfo. Ọjọ́ tí àdéhùn yóò parí, òfìfo. Kíláàbù kò buwọ́ lu ti ọwọ́ rẹ̀. A bi í pé ṣé ó kà á kí ó tó buwọ́ lù ú. Ó ní wọ́n ní mọ́tò ti fẹ́ gbéra.

A kọ lẹ́tà méjì sí wọn. Wọn kò fi lẹ́tà dáhùn. Wọ́n pè wá lórí fóònù, wọ́n ní kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. A ní ọmọ òṣìṣẹ́ ni, òun fúnra rẹ̀ sì ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, owó oṣù méjì wọlé sí àkáǹtì rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ṣì wà lọ́hùn-ún. Ti orúnkún, wọn kò fọhùn. Ọmọ náà ń ṣe POS báyìí ní ìdí ọjà, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tiro, bàbá rẹ̀ sì ń san gbèsè kọ́pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí òfin wí, kí ẹnikẹ́ni má tún fi ariwo mọ́tò gba ọmọ wa. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ní abala keje, sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá gbọdọ̀ fún un ní ìwé tó sọ iye owó rẹ̀ àti bí àdéhùn ṣe lè parí. Òtítọ́ ni pé òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ni òfin náà ní lọ́kàn. Kò dárúkọ agbábọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n FIFA dárúkọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń gbà owó iṣẹ́ gbọdọ̀ ní ìwé àdéhùn. Láti 2018 ni wọ́n sì ti fi í sínú òfin pé bí kíláàbù bá jẹ ọmọ ní owó oṣù méjì, ọmọ náà lè kọ̀wé sí wọn, kí ó fún wọn ní ọjọ́ 15 láti san án. Bí wọn kò bá san án, ó lè fi wọ́n sílẹ̀ láìjẹ̀bi. Oṣù méjì o! Ọmọ wa dúró de oṣù mẹ́fà nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ní ti orúnkún, òfin 2010 lórí ẹ̀san fún òṣìṣẹ́ tó fara pa ní kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan nínú 100 owó oṣù tó ń san sí àpò NSITF, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí ìtọ́jú. Ìwé ìbéèrè tí a ó kọ sí NSITF ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ìwé dókítà ni a ń dúró dè.

Nítorí náà, alága, ohun méjì la gbé wá síwájú ìpàdé. Èkíní, kí ẹ̀ka san owó àyẹ̀wò orúnkún ọmọ yìí láti inú àpò ìrànwọ́, kí lẹ́tà dókítà lè jáde kí oṣù yìí tó parí. Láìsí lẹ́tà yẹn, ọwọ́ wa dì. Èkejì, kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta wà, ẹnì kan láti Ìkọ̀lé, ẹnì kan láti Ọ̀yẹ́, ẹnì kan láti Ìdó, tí yóò máa bá ọmọ wa ka ìwé àdéhùn kí wọ́n tó buwọ́ lù ú, ìbáà ṣe ti bọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe ti iṣẹ́ mìíràn. Ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn iṣẹ́ ni a rò pé ó dára. Bí mọ́tò kíláàbù bá fẹ́ gbéra, kí ó máa lọ. Ọmọ yóò bá wọn lọ́jọ́ Ajé.

Ọmọ náà wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ bá wa sún àga mọ́ ọn, kò lè dúró pẹ́. Alága, a gbé e kalẹ̀. Ta ni yóò kín wa lẹ́yìn?